Iná tí ń pẹ̀tù sí ìrora, iná tí ń jí ẹran ara

Ìtọ́jú oníná ni kí wọ́n máa rán iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ gba ojú awọ wọ inú ara, yálà kí ìrora lè rọlẹ̀, tàbí kí ẹran ara tó ti rọ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kan náà lè ṣe méjèèjì, kó má sì tóbi ju rédíò àfọwọ́mú lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yí bọ́tìnnì rẹ̀, ibi tí wọ́n ń lẹ páàdì rẹ̀ mọ́, àti bó ṣe ń pẹ́ tó lára, kò jọra rárá. Ẹni tó bá fi ti ìrora tọ́jú ẹran ara tó ti gbẹ, asán ló ń ṣe.

Iná yìí kì í ṣe irú èyí tí SBEE, ilé iṣẹ́ mànàmáná Benin, ń fà wọ ilé. Iná ilé jẹ́ 220 fọ́ltì, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ̀rọ ìtọ́jú kékeré a máa lo bátìrì, oní-9-fọ́ltì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ náà á gbé agbára bátìrì yẹn sókè, á sì gé e sí wẹ́wẹ́, débi pé ègé kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ègé kan sí èkejì, ara ń sinmi. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún awọ láti gbà á nìyẹn láìjóná.

Ní Agblangandan, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Sèmè-Podji ní Benin, níbi tí Kútọnù ti parí tí ọ̀nà Àjàṣẹ́ sì ń bá tirẹ̀ lọ, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò ṣòro láti rí. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn zémíjàn, a máa jókòó sórí ọ̀kadà láti ìdájí títí di alẹ́, ẹ̀yìn ló sì ń gba gbogbo gegele ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sórí iyanrìn etíkun Sèmè a máa gbé garawa ìbomirin méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, láti ibi kànga dé orí ebè, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Èjìká àwọn tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lórí ọ̀sà Nokoué kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù lọ sí ọjà Tokpa ní Kútọnù. Ká má tíì sọ ti ìjàǹbá ọkọ̀ lórí títì, tó máa ń fi ẹsẹ̀ sínú símẹ́ǹtì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí itan á sì ti fọn kí wọ́n tó bọ́ símẹ́ǹtì náà kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń bẹ níbẹ̀, èyí tó ń fa rọpárọsẹ̀.

Oògùn ìrora ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí, pàápàá èyí tí wọ́n ń rà létí títì láìsí ìwé dókítà. Oògùn bí ìbúprófẹ́nì kò burú fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá di ohun tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ fún oṣù gbọọrọ, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ibi tí ìtọ́jú oníná ti wúlò nìyẹn: kò gba inú kọjá, kò sì di ẹrù lé kíndìnrín lórí.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé iná ni, àwọn èèyàn ti ń fi í ṣe ìwòsàn. Inú ẹja ni wọ́n ti rí i. Ní nǹkan bí ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Kristi, Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tí orí ń fọ́ gbé ẹja òkun kan tó máa ń gbọn ọwọ́ ẹni rìrì lé ibi tó ń dùn ún, kó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi kú. Ẹni tí oríkèé ẹsẹ̀ ń ro, kó dúró lé e lórí létí òkun. Àwọn apẹja tiwa náà mọ irú ẹja bẹ́ẹ̀ láìka ìwé Róòmù. Òjíjí ni, ẹja odò tí kò ní ìpẹ́, tó lè ta nǹkan bí 350 fọ́ltì sí ẹni tó bá fọwọ́ bà á nínú àwọ̀n.

Láàárín 1749 sí 1754 tí Michel Adanson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ń kọ nípa ewéko àti ẹranko ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ó fọwọ́ kan òjíjí, ó sì sọ pé bó ṣe gbọn òun kò yàtọ̀ sí bí ìgò oníná tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nígbà náà ṣe ń gbọn èèyàn. Ní 1855, Andrew Murray ṣàpèjúwe òjíjí kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Calabar sí Edinburgh. Malapterurus beninensis ló sọ ọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, George Wilson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Edinburgh kan náà, gbé ìròyìn míṣọ́nnárì kan jáde pé àwọn obìnrin Calabar a máa fi òjíjí sínú omi, wọ́n á sì máa wẹ ọmọ wọn nínú omi náà kí ara ọmọ lè le. Kò sí ẹni tó wọn iye iná tó wọ ara àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó dán an wò lónìí. Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó èrò yìí wá bá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò gbọ́ ìtàn tán.

Ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹja. Luigi Galvani ní Ítálì ti fi hàn ní 1791 pé iná lè mú ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú ta pútú. Lẹ́yìn tí Michael Faraday ti rí ọ̀nà tí wáyà àti òòfà fi lè mú iná jáde, ní 1831, ẹ̀rọ tó ń ta iná sí ara di ohun tí dókítà lè gbé sórí tábìlì. Ẹni tó fi ṣe ohun gidi ni Guillaume Duchenne, dókítà ọmọ Boulogne tó ṣiṣẹ́ ní Párìsì, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1855. Ó ń fi ẹnu wáyà méjì tí omi rin kan ojú awọ, ó sì rí i pé ibì kan wà lórí ẹran ara kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ pé iná díẹ̀ báyìí ti tó láti mú un fà, nígbà tó jẹ́ pé iná púpọ̀ sí i ni yóò gbà bí wọ́n bá kúrò lójú ibẹ̀. Máàpù àwọn ojú ibẹ̀ yẹn ṣì ni àwọn físíò, àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú àtúnṣe ara, ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ dòní.

Ìdí tí iná fi ń rí ọ̀nà ṣiṣẹ́ nínú ara ni pé iná ni ara fúnra rẹ̀ fi ń ránṣẹ́. Iṣan ìmọ̀lára ni fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Iṣan mìíràn ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ padà wá sí ẹran ara tó ń fa eegun. Àwọn fọ́nrán yìí kò nípọn bákan náà. Èyí tó ń gbé ìròyìn ìfọwọ́kàn nípọn, ó sì yára. Èyí tó ń gbé ìrora tín-ín-rín, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá ti òde wá, fọ́nrán tó nípọn ló ń kọ́kọ́ jí. Bí wọ́n bá fi kún un, ti ẹran ara á jí. Bí wọ́n bá tún fi kún un, ti ìrora náà á jí, ìtọ́jú á sì di ìyà. Ọgbọ́n gbogbo iṣẹ́ yìí wà nínú kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n yóò dúró láàárín àwọn mẹ́ta yẹn.

Ní 1965, Ronald Melzack, ọmọ Kánádà, àti Patrick Wall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbá kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science tó yí ojú tí ayé fi ń wo ìrora padà. Wọ́n ní ẹnubodè kan ń bẹ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ìròyìn ìrora gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ọpọlọ. Bí ìròyìn ìfọwọ́kàn bá pọ̀ níbẹ̀, ẹnubodè náà á sún mọ́ra, ìrora díẹ̀ ni yóò ráyè wọlé. Ọmọ tó gbá orúnkún mọ́ igi tábìlì tó sì ń fi ọwọ́ ra á, ẹnubodè yìí ló ń tì láìmọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Wall àti William Sweet fi iná dán an wò lára àwọn aláìsàn tí ìrora wọn ti pẹ́, ìrora náà sì rọlẹ̀. Lára àwọn kan, ìtura náà pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TENS ti wáyé.

Àbá ẹnubodè náà kò pé tán, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe àtúnṣe púpọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn a máa pèsè oògùn ìrora tiwọn, tó fara jọ mọ́fíìnì, bí iná bá kan àwọn iṣan. Ìdí nìyẹn tí ìtura fi lè wà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kúrò lára. Ìdí nìyẹn náà tí ara fi lè mọ́ ọn lára: bí wọ́n bá ń lò ó ní ọ̀nà kan náà, ní agbára kan náà, lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ lè dínkù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Físíò tó mọṣẹ́ á máa yí i padà, á yára lónìí, á rọra lọ́la.

Bí wọ́n ṣe ń lo TENS kò ṣòro láti sọ. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń dun zémíjàn kan, físíò á kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ nu òróró àti òógùn kúrò ní ojú ibẹ̀, nítorí òróró kì í jẹ́ kí iná wọlé dọ́gba. Á fi òwú àti ohun tútù kan ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mọ ìyàtọ̀ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni yóò lẹ páàdì méjì tàbí mẹ́rin yí ibi tó ń dùn ká, wọn kò ní kan ara wọn, wọn kò sì ní sórí egbò. Ẹ̀rọ á ṣì wà ní òdo. Á wá máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀ títí aláìsàn yóò fi sọ pé ó ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ òun. Kò tíì tó. Á tún fi kún un títí yóò fi lágbára dáadáa láìdunni. Bó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èèrà náà ti rọlẹ̀, nítorí ara ti ń gbà á, á tún gbé e sókè díẹ̀.

Nípa ìyára, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó yára ń ta iná bí ìgbà 80 sí 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá, àmọ́ ìtura rẹ̀ kì í pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Èyí tó ń rọra ń ta á bí ìgbà 2 sí 4, pẹ̀lú agbára tó tó láti mú ẹran ara máa ta díẹ̀díẹ̀. Kì í tètè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìtura tirẹ̀ lè pẹ́ jù. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ni wọ́n ń fi í sára lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ pé TENS kò ṣe nǹkan kan fún àwọn, agbára tí wọ́n fi lò ó ló kéré jù. Wọ́n dúró síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ìrìn èèrà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Àríyànjiyàn ti pọ̀ lórí èyí, kò sì tíì tán. Ní 2022, àwọn olùwádìí kó àbájáde àyẹ̀wò 381 jọ, tó kan àwọn aláìsàn tó ju 24,000 lọ, wọ́n sì rí i pé ìrora máa ń dínkù nígbà tí TENS bá wà lára tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, ju ti àwọn tí wọ́n lẹ páàdì mọ́ lára láìsí iná nínú rẹ̀. Àmọ́ NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, ti sọ ní 2016 pé kí wọ́n má fi TENS tọ́jú ẹ̀yìn dídùn, ó sì tún sọ irú rẹ̀ ní 2021 nípa ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò ní orísun kan pàtó. Èrò méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ta ko ara wọn. Ìbéèrè ẹgbẹ́ kan ni pé ṣé ìrora ń rọlẹ̀ báyìí. Ìbéèrè ẹgbẹ́ kejì ni pé ṣé aláìsàn á sàn jù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣé owó tí ìjọba ná sí i sì tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sí ti àkọ́kọ́ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ ni sí ti ìkejì lọ.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni pé TENS ń fún un ní àyè, kì í fún un ní ìwòsàn. Láàárín wákàtí tí ìrora fi rọlẹ̀, ó yẹ kó rìn, kó na ẹ̀yìn, kó ṣe eré ìdárayá tí físíò fi hàn án. Bó bá lo àyè yẹn láti fi sùn, tàbí láti padà lọ gbé garawa méjì, kò sí èrè kan. Inú rírun nǹkan oṣù wà lára ibi tí ẹ̀rí TENS ti dára díẹ̀, ó sì lè ran orúnkún ríro àwọn àgbàlagbà kan lọ́wọ́. Fún ìrora fòníkú-fọ̀ladìde, tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ẹ̀rí kò tíì tó rárá. Ẹni tí ìrora bẹ́ẹ̀ bá gbé gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn.

Ti ẹran ara ni apá kejì, òun ló sì gbòòrò jù. Ẹran ara tí kò ṣiṣẹ́ a máa tètè fọn. Ẹsẹ̀ tó wà nínú símẹ́ǹtì, tàbí orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí, ìṣòro kan tún wà níbẹ̀: bí oríkèé bá wú tó sì ń ro, ọ̀pá ẹ̀yìn á dá àṣẹ dúró, kò ní jẹ́ kí itan fà dáadáa bí aláìsàn tilẹ̀ fẹ́. Aláìsàn á gbìyànjú láti na ẹsẹ̀, itan á kàn gbọ̀n díẹ̀. Iná láti òde kì í dúró de àṣẹ ọpọlọ. Ó ń bá iṣan sọ̀rọ̀ tààrà, itan á sì le.

Fún èyí, iná gbọ́dọ̀ lágbára gan-an ju ti ìrora lọ. Páàdì ńlá méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan sí òkè itan níhà òde, èkejì sí ìsàlẹ̀ níhà inú, díẹ̀ sókè orúnkún. Iná á máa ta ní ìgbà 30 sí 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹran ara lè fà wọnkọ kan láìgbọ̀n. Á fà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, á sinmi fún bí àádọ́ta, á tún fà. Ìsinmi náà ní ìdí. Bí èèyàn bá fúnra rẹ̀ gbé ẹsẹ̀, ara á pín iṣẹ́ náà láàárín àwọn fọ́nrán ẹran, àwọn kan ń ṣe, àwọn kan ń dúró. Iná kò mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Àwọn kan náà tó wà nítòsí páàdì ló ń pè nígbà gbogbo, wọ́n á sì tètè rẹ̀. Bí kò bá sí ìsinmi, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó kù ni awọ tó ń ta ni lásán.

Yakov Kots ní Rọ́ṣíà ló sọ ètò mẹ́wàá-sí-àádọ́ta yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tó ń lò ó fún àwọn eléré ìdárayá. Agbára tó ní iná fi kún ara eléré tó ti lágbára tẹ́lẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ara aláìsàn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn. Ní 2012, Jennifer Stevens-Lapsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn 66 tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé orúnkún wọn. Wọ́n fi iná sí itan àwọn kan láti ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìfàsókè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú eré ìdárayá. Itan wọn lágbára ju ti àwọn tó ṣe eré ìdárayá nìkan lọ. Bí wọ́n ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. Àti pé aláìsàn kì í kàn dùbúlẹ̀ kó máa wo òrùlé: bí iná bá ti fa itan, kó fúnra rẹ̀ fà pẹ̀lú rẹ̀, torí pé ọpọlọ ló yẹ kó gba iṣẹ́ náà padà.

Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ẹran ara kò bàjẹ́, iṣan tó wọ inú rẹ̀ kò gé; àṣẹ láti ọpọlọ ni kò wá mọ́. Ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, orí ìka ẹsẹ̀ á máa kọ́ iyanrìn. Ní 1961, W. T. Liberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi bọ́tìnnì kan sínú bàtà aláìsàn, lábẹ́ gìgísẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, iná á ta sí iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún kọjá, iwájú ẹsẹ̀ á gbé sókè. Bó bá tẹlẹ̀, iná á kú. Àwọn ẹ̀rọ irú rẹ̀ tó wà lóde báyìí kéré sí i, iṣẹ́ wọn kò sì yàtọ̀. Wọ́n tún ń fi iná sí èjìká tó ti já wálẹ̀ láti inú oríkèé rẹ̀, àti sí ẹ̀yìn apá kí ọwọ́ tó ti ká lè ṣí.

Ọ̀tọ̀ ni bí iṣan fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Èyí kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Ọmọdé tí ibà ń ṣe, tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún ní abẹ́rẹ́ ìdí, lè bá ẹsẹ̀ tó rọ padà sílé nítorí pé abẹ́rẹ́ náà kan iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún itan lẹ́yìn símẹ́ǹtì kò lè mú irú ẹran bẹ́ẹ̀ fà, nítorí iṣan ló ń bá sọ̀rọ̀, iṣan kò sì sí láti dáhùn. Iná tí ègé rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa nìkan ló lè kan ẹran náà tààrà. Àwọn olùwádìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ó tọ́ láti máa ṣe é. Ohun tó dájú ni pé iṣan tó bá máa hù padà ń rìn ní nǹkan bí mìlímítà kan lójúmọ́. Láti ìdí ọmọ dé àtẹ́lẹsẹ̀, oṣù pọ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ ọmọ náà kó má baà ká gan, kí wọ́n sì wá ohun tó máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró, ló ṣe pàtàkì ju iná lọ.

Àwọn kan wà tí iná kò gbọ́dọ̀ kàn láìgba àṣẹ dókítà. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà láti máa ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ láti lù ni àkọ́kọ́, nítorí iná òde lè da ẹ̀rọ náà rú. Wọn kì í lẹ páàdì mọ́ iwájú ọrùn, níbi tí iṣan tó ń ṣàkóso ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà, tàbí sójú, tàbí kí iná gba àyà kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn aboyún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agbẹ̀bí kan ń lò ó sí ẹ̀yìn nígbà ìrọbí. Oníwárápá kò gbọ́dọ̀ lò ó lórí tàbí lọ́rùn. Kò yẹ kó kan ibi tí jẹjẹrẹ wà, tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Bí iná bá mú ẹran fà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Awọ tí kò mọ nǹkan lára mọ́, bíi ti ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára rẹ̀ tàbí ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti mú rí, lè jóná láìmọ̀. Wọn kì í lò ó nínú ilé ìwẹ̀, lójú oorun, tàbí lórí ọ̀kadà tó ń lọ.

Ewu tó fara sin jù kò sí nínú iná rárá. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó lórí fóònù rọrùn láti rà, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà á ohun tó fa ìrora rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ń dùn lóru tí ibà wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí ara ń rù sí i, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń kú, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́, kì í ṣe ti páàdì. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife tó wọ egungun ẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí TENS bá pa ìrora rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ni àìsàn náà fi ráyè.

Fún àwọn ará Agblangandan, ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ wọn ni CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnù, níbi tí ẹ̀ka ìtọ́jú àtúnṣe ara wà. Kiné ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ yìí ní Benin. Físíò ni ní Nàìjíríà. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Igbobi, Èkó, ní 1945, láti tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè rẹ̀ kọ́ni ní 1966, ìjọba sì dá àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ sílẹ̀ ní 1988. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń lẹ páàdì mọ́ òun lára kọ́ṣẹ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ni kó béèrè.

Páàdì náà ní ìnáwó tirẹ̀, ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ooru àti òógùn etíkun kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ pẹ́, iyanrìn a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bí eruku bá ti bo ìdajì rẹ̀, iná á kó jọ sí ìdajì tó kù, awọ á máa ta bí ẹni tí abẹ́rẹ́ ń gún. Kí wọ́n dá a padà sórí ọ̀rá rẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti lò ó tán, kí wọ́n fi omi díẹ̀ kán an bó bá ti gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì lo ti ẹlòmíràn. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń lo páàdì rọ́bà tí wọ́n ń fi kànrìnkàn tútù sí lábẹ́, tí wọ́n sì ń fi báńdéèjì dì mọ́ra. Ó pẹ́ jù, ó sì rọrùn láti fọ̀.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró kò nira láti mọ̀. Fún itan, ọjọ́ tí aláìsàn bá ti lè na orúnkún rẹ̀ tán, kó gbé ẹsẹ̀ náà sókè láìtẹ̀ ẹ́, kó sì dìde lórí àga láìfọwọ́ti nǹkan, iná ti parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àga, àtẹ̀gùn àti ìrìn ni yóò máa ṣe ìyókù. Fún ìrora, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí wọ́n ti lo ẹ̀rọ náà ní agbára tó yẹ, tí iṣẹ́ tí aláìsàn lè ṣe kò fi kún, kí wọ́n yọ páàdì kúrò, kí kiné tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀.